Ẹ fún ìràwọ̀ tó ń sáré láyè nínú ìwé ìròyìn yín

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti mẹ́nu ba ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ kádàrá àtàwọn aríran náà ni, ó sì ń dùn mí gan-an torí iṣẹ́ ńlá ń lọ lójú ọ̀run táwọn ọmọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí yẹ kí wọ́n gbọ́.

Ẹ wo ìràwọ̀ Kapteyn, kò jìnnà púpọ̀, bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 13 péré (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé lọ́dún kan), ó sì ń sá lọ kúrò lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bíi kìlómítà 245 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo! Báwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé wọ́n á tú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ palẹ̀ sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín á hàn níbẹ̀, táwọn ìlà yẹn bá sún sápá pupa, ó ń lọ nìyẹn, tó bá sún sápá búlúù, ó ń bọ̀. Àwọn ìlà yẹn náà ló ń sọ bí irin inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tí ìlà irin ò bá fi bẹ́ẹ̀ hàn, á jẹ́ pé irin ibẹ̀ kéré, irú èyí sì máa ń jẹ́ àgbà ìràwọ̀, torí àwọn ìràwọ̀ tó ti bú gbàmù, tí wọ́n sì ti fọ́n irin káàkiri, ò tíì pọ̀ nígbà tó dáyé.

Lọ́dún 1962 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta, Eggen, Lynden-Bell àti Sandage, yẹ ìrìn àti irin inú ìràwọ̀ 221 wò, wọ́n rí i pé àwọn tí irin wọn kéré kì í yí po àárín agbo ìràwọ̀ wa (Milky Way) ní róbótó bíi ti oòrùn wa, ọ̀nà tiwọn gùn gbọọrọ ni.

Àwọn olùkọ́ físíìsì wà ní yunifásítì LAUTECH níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa kọ ọ́ fún wa ní Yorùbá.

Èmi òǹkàwé yín,
Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.