Wọ́n Gba Owó Wa, Wọn Kò Fún Wa Ní Títì

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí inú mi ò tíì rọ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Ìdíje eré ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá sí ẹ̀bá Àkúrẹ́ níbí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dírágì, ni mo ń sọ. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí ojú wa rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó sanwó ìforúkọsílẹ̀ ni kò tẹ títì ìdíje náà rárá títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa, wọn kò fún wa ní títì. Màá tún un sọ kí n tó parí lẹ́tà yìí, torí òun gan-an ló ń dùn mí.

Mekáníìkì ni mí, Òkè-Àró ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, ọwọ́ wa ni wọ́n ti jáde. Àwọn tó ni wọ́n kì í ṣe ọmọ olówó. Ọ̀kan ń gẹ irun ní Ìjọ̀kà, òmíràn ń kàwé ní FUTA, yunifásítì tó wà nílùú wa níbí, òmíràn ń fi ọkọ̀ kan náà kó èrò láàárín ọ̀sẹ̀. Corolla, Honda, Golf àtijọ́, irú ọkọ̀ tí gbogbo wa ń gùn ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ díje gbọ́dọ̀ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kó yí ọ́ìlì, kó wo kúlọ́ọ̀ṣì, kó wá táyà tí kò tíì pá. Ẹ sì mọ iye tí nǹkan dà lọ́jà báyìí. Ọmọ tó ná irú owó yẹn kò wá ṣe fàájì lásán.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó. Aago mẹ́jọ lù, ọkọ̀ ti tò, títì ti ṣófo, wọ́n ti fi okùn dá àwọn òǹwòran dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ló wá kù? Àlejò pàtàkì ló kù. Wọ́n ní a kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí ọ̀gá bá dé wá ṣí i. Nígbà tí ọ̀gá náà fi máa dé, oòrùn ti kàn wá lórí. Ó dé tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó jókòó lábẹ́ kánópì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlù lọ́tùn-ún, àtẹ́wọ́ lósì. Ọ̀rọ̀ ìkíni, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, fọ́tò, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mìíràn. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀ ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi sídìí ìlà léèrè pé ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, èmi náà ò tíì jẹun láti àárọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan fún wa.” Mi ò bá ọmọ náà wí. Àwọn tó rán an níṣẹ́, tí wọn kò fún un ní oúnjẹ, tí wọn kò fún un ní àlàyé, ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọ̀nà dírágì gan-an jẹ́ mítà 402. Ibòmíràn máa ń lo ìdajì rẹ̀, mítà 201. Ọkọ̀ méjì ló ń sá a pọ̀, títì tààrà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ. Corolla lásán tí ara rẹ̀ dá, bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni yóò fi parí mítà 402, ó tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Ká wá sọ pé ìṣẹ́jú 3 gbáko ni a fi sílẹ̀ fún méjì-méjì, kí wọ́n bọ́ síwájú, kí wọ́n sá, kí títì ṣófo padà. Ọkọ̀ 40 ló máa sá láàárín wákàtí kan. Ní wákàtí 3, ọkọ̀ 120. Ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò súnmọ́ 120 rárá. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé èrò ló pọ̀ jù. Èrò pọ̀ lóòótọ́, Àkúrẹ́ tú jáde, àwọn kan ti Ondo àti Ìdànrè wá, ṣùgbọ́n òǹwòran kò sí lórí ìlà. Àwọn tó ṣètò ló fi àkókò wa ṣòfò.

Nígbà tí eré wá bẹ̀rẹ̀, ìlà náà kò ní orí, kò ní ìdí. Àwọn tí a kò rí ní òwúrọ̀, tí wọ́n gbé ọkọ̀ gíláàsì dúdú dé lẹ́yìn ọ̀sán, ni wọ́n ń ní kó máa bọ̀ níwájú. “Ti ọ̀gá ni,” àlàyé ti tán nìyẹn. Ẹnìkan sá lẹ́ẹ̀kan, ó yí po, ó tún sá lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí àwọn tó dé ṣáájú rẹ̀ ṣì wà lójú kan. Kò sí nọ́mbà, kò sí ìwé tí wọ́n ń wò. Ẹni tó bá lẹ́nu tàbí tó mọ ènìyàn ló ń ráyè. Bẹ́ẹ̀ owó kan náà ni gbogbo wa san.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ lè rò pé dídúró lórí ìlà kò ju kéèyàn ní sùúrù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sún díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn kì í rí atẹ́gùn tó máa gba ara rẹdiétọ̀ kọjá. Fáànù nìkan ló ń jà. Kúlọ́ọ̀ṣì ń jó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú, irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó lágbára. Bí o bá pa á, o gbọ́dọ̀ tún un tan nígbà tí ìlà bá sún, títí bátìrì yóò fi rẹ̀. Ọmọ kan tó ń lẹ táyà nítòsí wa gbé Golf rẹ̀ wá, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Mo dúró tì í. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ di ọmọrí rẹdiétọ̀ mú, mo ní kó má ṣí i o, omi tó ń hó nínú rẹ̀ lè bó o lójú. Ló bá ń fi eyín ya ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ó ń dà á sára rẹdiétọ̀ láti ìta, ó ń ṣe ṣàà, ooru ń rú gòkè bò ó lójú. Omi tó yẹ kó mu ni. Nígbà tí wọ́n fi máa pè é, oòrùn ti ń wọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ti ń wúkọ́, kò gbé gíà kejì dáadáa. Ẹnìkejì rẹ̀ ti lọ kó tó gbéra. Ó sọ̀kalẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ òun sàn ju àwọn yòókù lọ, òun tẹ títì.

Láàárín gbogbo rẹ̀ ni súǹpù Honda kan, àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́, tí ọ́ìlì dà láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ títí dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ó lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá eré dúró fún un torí ẹ̀mí ni. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn kò pèsè nǹkan kan sílẹ̀ dè é. Wọ́n rán àwọn ọmọ lọ bu yanrìn. Yanrìn lójú títì tí ọkọ̀ ti fẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ gbéra! Àkúrẹ́ tí sọ́míìlì pọ̀ tó báyìí, tí wọ́n ń dáná sun lẹ́búlẹ́bú igi dànù torí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Àpò mélòó kan ì bá ti fa ọ́ìlì náà mu, kí wọ́n gbá a kúrò, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ó parí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n da yanrìn, wọ́n tún ń wá ẹni tó máa gbá yanrìn.

Ìjà ibi ìparí náà ńkọ́? Àsíá ni wọ́n ń jù kí ọkọ̀ tó gbéra, ojú lásán ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó jẹ. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, òpó iná kan máa ń wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Yẹ́lò á tàn, gírìn-ìn á tàn, wọ́n gbéra. Ẹni tó bá ṣáájú iná, pupa á tàn sí i, ó ti pàdánù. Kò sí àríyànjiyàn. Tiwa ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ méjì bá súnmọ́ ara wọn níparí, èrò á ya wọ títì, tàwọn ti fóònù lọ́wọ́, oníkálukú ní fídíò tirẹ̀. A ò ní í sá mọ́ títí wọ́n á fi jà tán.

Ìdí tí mo fi ń gbóná lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo mọ ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa gbà lọ bí wọn kò bá rí títì ìdíje. Ẹ̀yin tó ń gbé lẹ́bàá àwọn títì ńlá ìlú yìí, ẹ ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì lóru. Irú rẹ̀ ni wọ́n rí ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ojú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú kan ní Santa Ana, ní California, fún eré yìí. Ní ọdún 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ eré dírágì tí wọ́n ń pè ní NHRA sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọkọ̀ dá ẹ̀mí ara wọn àti ti ẹlòmíràn légbodò lójú pópó lè rí ibi tó ní òfin. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn gbé wá. Àwọn ọmọ tiwa náà ti gbé tiwọn wá. Àwọn àgbà tó yẹ kó gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀ ló fi wọ́n sínú oòrùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí, kò sì nira. Kí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò ní ọjọ́ Jímọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù àwa mekáníìkì, kí wọ́n má ṣe dúró di àárọ̀ ìdíje. A wà ní gbogbo àdúgbò, a máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n pín ìwé fún wa: bíréèkì, nọ́ọ̀tì táyà, bátìrì bóyá wọ́n dì í mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ́ìlì bóyá ó ń jò, ẹsẹ̀ iná bóyá ó ń padà sókè bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, bẹ́líìtì, àṣíborí. Bí ọkọ̀ bá yege, kí mekáníìkì fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n fi pẹ́ńtì funfun kọ nọ́mbà gàdàgbà sára gíláàsì rẹ̀. Honda tí súǹpù rẹ̀ bẹ́ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ á ti rí i.

Nọ́mbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Kí wọ́n tò ó ní ìpele bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, líta 1.6 pẹ̀lú 1.6, 1.8 pẹ̀lú 1.8, V6, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lọ́tọ̀. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ pátákó níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Lọ́jọ́ ìdíje, kí wọ́n máa pe ọkọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá láti ẹnu gbohùngbohùn, kí àwọn yòókù pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Ẹni tí wọ́n pè tí kò jáde, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ. Ẹni tó bá ti sá, kò gbọdọ̀ tún sá títí nọ́mbà tó gbẹ̀yìn ìpele rẹ̀ yóò fi sá. Ọmọ ọ̀gá náà á gba nọ́mbà bí ọmọ fọkanáísà ṣe gbà á, bí nọ́mbà rẹ̀ bá jẹ́ 57, ẹ̀yìn 56 ni yóò wà. Bí ẹnìkan bá sì kọjá ìlà, kí wọ́n pa nọ́mbà rẹ̀ rẹ́ níṣojú gbogbo èrò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA lè ṣe òpó iná àti ẹ̀rọ tó ń ka àkókò fún wa, kí wọ́n lọ bá wọn. Kí àlejò pàtàkì máa dé nígbà tó bá dé, kí ó bá eré lẹ́nu rẹ̀. Kí omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, pàápàá fún àwọn obìnrin tó wá wòran.

Ní ti Sátidé tó kọjá, owó ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa, wọn kò fún wa ní títì. Orúkọ gbogbo ẹni tó san wà nínú ìwé wọn, nọ́mbà fóònù wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ àwọn tí kò sá. Kí wọ́n dá owó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn padà kí oṣù yìí tó parí. Bí wọ́n bá ti ná an, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìdíje tó ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí nọ́mbà 1 sì bẹ̀rẹ̀ láti orí wọn.

Mekáníìkì kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.