Owó ìtanràn báǹkì ṣì ṣeé gbà padà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń kọ̀wé sí báǹkì pé owó ìtanràn tí wọ́n yọ nígbà tí owó inú àkáǹtì kò tó ti pọ̀ jù. Ọ̀nà yẹn ti dí láti oṣù kọkànlá ọdún 2009, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá àwọn báǹkì láre. Ohun tó kù ni kí ẹ fi hàn pé ìṣòro owó ti bá yín nígbà náà, tí báǹkì kò sì ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹ sàmì sí ìtanràn kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó bí òmíràn: ti oṣù yìí ló máa ń jẹ owó tí ìsanwó oṣù tó ń bọ̀ ìbá fi kọjá. Ẹ so ìwé owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde mọ́ lẹ́tà ẹ̀sùn tí ẹ ó kọ sí báǹkì, àti ẹ̀rí gbèsè owó ilé tàbí ti iná. Àìsí ìwé yìí ń ba ẹjọ́ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ jẹ́, ó sì ń dùn wá.

Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá láìsí èsì, tàbí tí wọ́n kọ̀, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń yanjú aáwọ̀ láàárín báǹkì àti oníbàárà. Bí wọ́n bá ti fún yín ní èsì ìkẹyìn, oṣù 6 péré lẹ ní. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, ẹ má sanwó fún aṣojú kankan.

Ẹ tún bèèrè pé kí wọ́n san owó náà lé yín lọ́wọ́, torí báǹkì lè fẹ́ fi dí gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́.

Àwa òǹkàwé yín