Sọ Àbùkù Ọjà Rẹ Kí Oníbàárà Tó Rí I

Ọmọ mi àtàtà,

Mo ti ka ìkànnì ìtajà rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn àpò náà dára lójú, ojú rírán wọn sì gún. Ìwọ gan-an ni mi ò rí níbẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ wa ń pèsè ojúlówó àpò aláwọ fún àwọn oníbàárà wa káàkiri àgbáyé." Ta ni ń jẹ́ "wa"? Ìwọ nìkan lò ń gé awọ, ìwọ lò ń rán an, ìwọ lò ń dì í sínú páálí, ìwọ náà lò ń jí lóru dá àwọn èèyàn lóhùn.

Nígbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé kó o máa sọ òótọ́ nípa ara rẹ àti ọjà rẹ, òwe lo fi dá mi lóhùn: "Màmá, òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké." Ẹ̀rín pa mí, torí o mọ òwe lò. Mi ò sì ní bá ọ jiyàn pé irọ́ kì í tà. Ó ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan kó sá lọ, irọ́ á bá a ṣe é. Àmọ́ ìwọ ò fẹ́ sá lọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lo fẹ́ máa jẹ títí.

Tún wo irú ọjà tí òwe yẹn ń bá wí. Ọjà ojúkojú ni. Níbẹ̀, oníbàárà lè fọwọ́ tẹ nǹkan, ó lè tú inú rẹ̀ wò, ó lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ẹnu ọlọ́jà bá ń parọ́, ọwọ́ oníbàárà á já a. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ọwọ́. Fọ́tò tí ìwọ yàn ló ń wò, ọ̀rọ̀ tí ìwọ kọ ló ń kà, owó sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí àpò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń fi ṣe ọwọ́. Bí ọwọ́ yẹn bá tàn án lẹ́ẹ̀kan, á kàn tẹ ojú fóònù rẹ̀ ni, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, ọmọ Amẹ́ríkà, George Akerlof, ti ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ọjà báyìí lọ́dún 1970, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ àlòkù ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ mọ̀ bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ń yọnu; ẹni tó fẹ́ rà á ò mọ̀. Nítorí pé kò mọ̀, iye tó wà láàárín ti ọkọ̀ tó dára àti ti èyí tí kò dára ló máa dá lé e. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ dára á wo iye náà, á rí i pé òun máa pàdánù, á wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Èyí tó ń yọnu ló máa wá pọ̀ jù lọ́jà. Àwọn oníbàárà á tún já owó wálẹ̀ sí i, àwọn ọlọ́jà gidi tó kù á tún kúrò. Òun àti àwọn méjì míì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001 nítorí irú iṣẹ́ yìí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ nìyí: nígbà tí ẹnì kan bá ń ná àpò rẹ ní iye tó ń bí ọ nínú, kì í ṣe pé ó ya ahun. Èké tí àwọn ẹlòmíì ti tà fún un sẹ́yìn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kó o tó lè gba owó tó tọ́ sí ọ, o gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn án tí onírọ́ ò lè fi hàn láìpa ara rẹ̀ lára. Àbùkù ọjà rẹ wà lára nǹkan yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tó o ṣe tán láti dá padà bí àpò ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nítorí náà, lábẹ́ àpò kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tí kò lè ṣe. Kọ ọ́ pé kò gba kọ̀ǹpútà ńlá. Kọ ọ́ pé bí omi bá ta sí awọ náà, àmì á hàn. Kọ ọ́ pé ó máa ń le fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rọ̀. Lẹ́bàá fèrèsé ni kó o ti ya fọ́tò rẹ̀, lọ́sàn-án, gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, má sì fi filter kankan yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn kan á kà á, wọn ò ní rà. Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àwọn yẹn gan-an ni ì bá dá a padà, tí wàá fi san owó ìfiránṣẹ́ lọ-bọ̀, tí wọn á tún fi ìbínú kọ̀wé sábẹ́ ọjà rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lórí ìkànnì tó di eBay lónìí, ọjà tó ti bàjẹ́ ni? Lọ́dún 1995, Pierre Omidyar tó dá a sílẹ̀ gbé iná laser kékeré kan síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ara ògiri. Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnì kan rà á ní dọ́là 14.83. Omidyar kọ̀wé sí i pé ṣé ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Onítọ̀hún fèsì pé èyí tó bàjẹ́ lòun ń kó jọ. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yẹn ni pé Omidyar ì bá dákẹ́ kó gba owó, àmọ́ ó béèrè. Lọ́dún 1996, ó wá ṣí àyè kan tí ẹni tó rà àti ẹni tó tà ti lè jẹ́rìí síra wọn.

Àmọ́ fura o. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ náà ti mọ̀ pé òótọ́ ń pawó. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Patagonia gbé ìpolówó kan sínú ìwé ìròyìn New York Times ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, 2011: "Má ra jákẹ́ẹ̀tì yìí." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lítà omi 135 ló ń lọ sí ẹyọ kan. Èmi ò lè búra pé wọn ò retí kó mú ọjà wọn tà, ìpolówó ṣáà ni. Ṣùgbọ́n iye omi náà wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè bi wọ́n nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo pààlà sí. Àbùkù tó máa kan oníbàárà lára ni kó o sọ, má wá sọ fún mi pé àbùkù rẹ ni pé iṣẹ́ rẹ máa ń dára jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ sọ lórí fóònù. Nínú àwọn ẹ̀rí tí àwọn oníbàárà ń kọ sábẹ́ ọjà rẹ, ìkẹta tó wà lábẹ́ àpò pupa yẹn, mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, mo sì mọ̀ pé kò ra àpò kankan lọ́wọ́ rẹ rí. Yọ ọ́ lónìí. Òfin gan-an ti wà lórí irú rẹ̀: European Union, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti fòfin de ẹ̀rí èké láti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, 2022, ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, 2024, ti Britain tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin, 2025. Ká ní kò tiẹ̀ sí òfin kankan, mi ò ní yí ohùn padà. Èyí tó o kọ pé "ó ku méjì péré" ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń béèrè lo ṣe ń rán an? Yọ òun náà. Sọ pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko lo fi ń rán ẹyọ kan. Òótọ́ ni, ó sì tó láti mú ẹni tó fẹ́ rà tètè ṣe.

Ó wá ku ìwà rẹ. Ìwọ tó o lè fi gbólóhùn kan pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, kí ló dé tó ò ń kọ̀wé bí akọ̀wé ìjọba? Kọ ọ́ bó o ṣe máa sọ ọ́ fún mi. Bí síìpù burúkú bá bí ọ nínú, sọ ọ́. Fi àpò tó bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ níbi gígé hàn wọ́n. Sọ ìdí tó o fi ń rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ka ohun tó o kọ sókè kó o tó gbé e síta. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti ń kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lo yá lò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ti wà báyìí tó lè bá ọ kọ gbogbo rẹ̀ kó o tó ṣẹ́jú. Kó bá ọ tún àṣìṣe ṣe, ìyẹn dára. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun ló ń sọ̀rọ̀ fún ọ, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ẹ jọ ń tajà.

Ìwà yìí kò gbọ́dọ̀ di eré orí ìtàgé o. Obìnrin ará Australia kan, Belle Gibson, ta app àti ìwé lórí oúnjẹ, torí ó ti sọ fún aráyé pé òun ní jẹjẹrẹ inú ọpọlọ, pé oúnjẹ tóun ń jẹ ló ń wo òun sàn. Lọ́dún 2015, ó jẹ́wọ́ pé kò sí jẹjẹrẹ kankan. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ ní kó san owó ìtanràn dọ́là Australia 410,000. Ìtàn ara rẹ̀ ló ń tà ní ti gidi, nígbà tí ìtàn náà sì wó, ṣọ́ọ̀bù wó pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn aláìsàn tó gbà á gbọ́ ló ká mi lára jù.

Pé o jẹ́ olóòótọ́ ò ní kó o tú gbogbo ara rẹ síta. A kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Àdírẹ́sì ilé rẹ, ojú àwọn ọmọdé, ìjà àárín ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ, èwo ló kan oníbàárà níbẹ̀? Bó bá máa jẹ́ kó túbọ̀ mọ ọjà náà, sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé àánú lásán ló máa ṣe é, fi í sílẹ̀. Àánú lè ta àpò kan, kì í ta èkejì.

Bí ọjà bá máa pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kọ̀wé, má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Bí ẹnì kan bá kọ ẹ̀rí burúkú tó sì jẹ́ òótọ́, má pa á rẹ́; dá a lóhùn lójú gbogbo èèyàn, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó o máa tún un ṣe. Bó bá jẹ́ irọ́, sọ tìrẹ lẹ́ẹ̀kan kó o dákẹ́.

O béèrè bóyá kó o gbà kí gbajúmọ̀ orí Instagram yẹn bá ọ polówó. Mi ò ní kó o má gbà. Fi àpò kan ránṣẹ́ sí i, kó gbé e fún oṣù kan kó tó sọ ohunkóhun. Kó sọ ọ́ ketekete pé o sanwó fún òun. Kó sì wà nínú àdéhùn yín pé ó lè sọ ohun tí kò wù ú nínú rẹ̀. Bó bá ní òun ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o fi owó yẹn ra awọ.

Gbogbo ilé ń kí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ