Aago Ẹ̀rọ Ni Kò Bára Mu, Kí Ló Dé Tí Nọ́ọ̀sì Fi Ń Jẹ̀bi?

Sí Olóòtú,

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fún agbẹ̀bí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kúẹ́rì pé ó fún aláìsàn ní oògùn kí dókítà tó pàṣẹ rẹ̀. Inú bí mi gidigidi, nítorí pé èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, kò sì sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ àṣẹ oxytocin, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kù, sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni agbẹ̀bí yìí so omi oògùn mọ́ ẹ̀rọ tó ń rọ̀ ọ́ sínú iṣan. Ìyá yè, ọmọ náà sì yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò kó àkọsílẹ̀ jọ, kọ̀ǹpútà sọ pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 10 ni dókítà pàṣẹ, ẹ̀rọ oògùn sọ pé aago méjì ku ìṣẹ́jú 8 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mọ́nítọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn sì sọ pé aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 2 ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí wọ́n ṣe wà yóò gbà pé a ti fún un ní oògùn kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ, àti pé nǹkan kan kò tíì ṣe é nígbà tí a fún un. Aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ náà kà bí ẹni ń ka ẹyọ kan.

Ẹ̀rọ oògùn yẹn fi ìṣẹ́jú 22 wà lẹ́yìn. Mọ́nítọ̀ náà fi wákàtí kan gbáko wà níwájú. Kò gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ láti mọ èyí: kí ènìyàn dúró níwájú wọn, kí ó wo aago fóònù rẹ̀, ó parí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó jókòó sí ìpàdé náà tó ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lu kúẹ́rì. Ẹ̀rọ ló ṣi aago, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kó wá ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ya ẹni tó bá mọ bí aago inú ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu. Kírísítálì quartz ló ń ka àkókò nínú wọn, èyí tó wọ́pọ̀ sì lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì yẹ̀ lójúmọ́. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan ó lè di ìṣẹ́jú 10, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tún un ṣe fún ọdún méjì, ẹ ti rí ibi tí ìṣẹ́jú 22 ti lè wá. Ti mọ́nítọ̀ náà yàtọ̀. Aago Jámánì ni wọ́n tò sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó yí i sí ti Nàìjíríà nígbà tí wọ́n gbé e dé. Lásìkò òtútù wọn, aago Jámánì àti tiwa bára mu, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, wọn kì í sì í dá a padà títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ọ̀wàrà. Àwa kì í yí aago ní Nàìjíríà, àmọ́ ẹ̀rọ tí a kò sọ fún pé Nàìjíríà ló wà yóò yí tirẹ̀. Ní ti iná mànàmáná, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún òǹkàwé yín tí kò mọ̀: bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago nígbà tí iná bá lọ máa ń kú láìsí ẹni tó mọ̀, bí iná bá sì padà dé, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan tó ti kọjá lọ. Mo ti di ìwé ECG, àkọsílẹ̀ bí ọkàn ṣe ń lù, mú rí tí ọdún 2000 wà lórí rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì dùbúlẹ̀ níwájú mi.

Kì í ṣe orí kúẹ́rì nìkan ni ewu rẹ̀ mọ. Nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí, aago jẹ́ ara ìtọ́jú. Ní ọdún 2017, ìwádìí WOMAN, èyí tí ó kó obìnrin tó lé ní 20,000 jọ, tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn pé tranexamic acid ń dín ikú ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kù bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí 3 lẹ́yìn ìbímọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ọ́ di ìlànà lọ́dún kan náà. Àǹfààní rẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan tí a bá fi falẹ̀, bí wákàtí 3 bá sì ti kọjá, a kò gbọdọ̀ fún un mọ́. Bí agbẹ̀bí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé bá wá wo àkókò ìbímọ lórí ẹ̀rọ tó fi wákàtí kan wà níwájú, tó sì wo aago ara ògiri láti mọ iye wákàtí tó ti kọjá, ṣé ẹ rí i pé yóò rò pé àyè ṣì wà nígbà tí àyè ti tán? Magnesium sulphate tí a ń fún aláboyún tó ní gìrì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ń kọ́? Adrenaline tí a ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ń kọ́?

Àwọn tó ń buwọ́ lu owó ẹ̀rọ ń bọ̀ wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, lẹ́yìn èyí a kì í rí wọn mọ́. Wọ́n so àwọn ẹ̀rọ mọ́ra wọn pẹ̀lú wáyà, wọ́n sọ fún aráyé pé ilé ìwòsàn wa ti di ti ìgbàlódé, wọn kò sì bi ara wọn bóyá àwọn ẹ̀rọ tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ yìí fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí aago lù. Bí ọ̀ràn bá wá ṣẹlẹ̀, ẹni tó kéré jù nínú wọ́ọ̀dù ni wọ́n á nawọ́ sí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí wọ́n bá lé gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ lónìí, mọ́nítọ̀ náà yóò ṣì máa fi wákàtí kan parọ́ ní ọ̀la.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó owó jíìpù ọ̀gá kan. Àpótí kékeré kan wà tó ń gba àkókò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS, tí àwọn fúnra wọn gbé aago átọ́míìkì dání. Áńtẹ́nà rẹ̀ nìkan ló ní láti wà lórí òrùlé níbi tí ó ti lè rí ojú ọ̀run. Àpótí náà yóò wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n á so ó mọ́ wáyà tó ti so àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn pọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì gbé e sórí ínfátà kí ó má baà kú nígbà tí iná bá lọ. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa pín àkókò kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá lè gbà á, nípasẹ̀ NTP, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mú aago wọn bára mu, tí David Mills gbé kalẹ̀ ní 1985, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń gba owó lé lórí. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé dátà ló tán. Kí ẹnjiníà ilé ìwòsàn rìn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, kí ó tò ó sí aago Nàìjíríà, kí ó sì pa ètò tó ń yí aago ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó. Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní ibi tí wáyà ń wọ̀, kí a yan ọjọ́ kan lóṣù tí ẹnì kan yóò máa fi ọwọ́ tún wọn ṣe, kí ó sì kọ iye tí aago náà fi yẹ̀ sínú ìwé kí ó tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé iye yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ máa nílò bí wọ́n bá fẹ́ mọ òtítọ́. Kí wọ́n má ṣe yí aago ẹ̀rọ tó bá wà lára aláìsàn lọ́wọ́, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ má baà já sí méjì. Kí wọ́n sì ra àpótí tuntun, nítorí pé ní ọjọ́ 6 oṣù Igbe ọdún 2019, nígbà tí òǹkà ọ̀sẹ̀ GPS padà sí òdo, àwọn àpótí àtijọ́ kan ṣi ọjọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ti sọ pé sọ́fítíwíà àkọsílẹ̀ aláìsàn tí ìjọba yóò fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ lè gba àkókò rẹ̀ láti orí NTP. Kí àwọn aláṣẹ tiwa náà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rírà ẹ̀rọ. Kí wọ́n máa pààrọ̀ àwọn bátìrì kéékèèké náà kí wọ́n tó kú.

Ní ti ìgbìmọ̀, kí wọ́n gba kúẹ́rì agbẹ̀bí yẹn padà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di òfin pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ iye tí aago ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀ sí àkókò gidi sí orí ìwé àkọ́kọ́ fáìlì náà, kí wọ́n tó pe nọ́ọ̀sì kankan wọlé.

Èmi ni,
Agbẹ̀bí kan ní Ìbàdàn
(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé orúkọ mi jáde.)