Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Bíréèkì Ẹ̀yìn Tí Kò Tú Sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ará ilé. Mo ka gbogbo ohun tí o kọ nípa ọkọ̀ rẹ, pé bíréèkì ẹ̀yìn ń di táyà mú nígbà tí o kò tẹ̀ ẹ́, pé òórùn jíjó máa ń gba inú ọkọ̀, àti pé mẹkáníìkì ní kí o lọ ra kálípà méjèèjì, ìyẹn irin tó ń di táyà mú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Jọ̀wọ́, má tíì ra nǹkan kan. Ó lè jẹ́ kálípà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà háńbíréèkì tí kò padà sẹ́yìn lè fà á, òróró bíréèkì tí ó há sínú páìpù lè fà á, irin tí ó ti dípẹtà náà sì lè fà á. Bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe lójú títì. Àfi kí o gbé ọkọ̀ sókè kí o tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kọ́kọ́ mọ táyà tí ọ̀rọ̀ kàn. Wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí kò sí èrò, má fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, jẹ́ kí ó rọra dúró fúnra rẹ̀, kí o wá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ súnmọ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kan irin. Ẹ̀yìn ni kí o fi wé ẹ̀yìn, nítorí pé iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, ó sì sábà máa ń gbóná jù. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbóná ju èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí o dojú kọ; bí méjèèjì bá gbóná dọ́gba, ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kí o fura sí. Má sì máa wa ọkọ̀ náà kiri títí tí o fi máa ráyè. Òróró bíréèkì tuntun, irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4, kì í hó títí ooru yóò fi dé 230°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti fa omi mu lè hó ní nǹkan bí 155°C, bí ó bá sì hó, ẹsẹ̀ bíréèkì á kàn máa wọlé lásán ni.

Nígbà tí o bá fẹ́ gbé e sókè, ilẹ̀ títẹ́jú ni kí o lò, kí o fi igi há àwọn táyà iwájú, kí jíà wà ní fíríì, kí o sì tú háńbíréèkì sílẹ̀ pátápátá. Fi irin gbé ọkọ̀ ró, má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Wá fi ọwọ́ yí táyà náà. Bí páàdì, ìyẹn ohun tí kálípà ń fún mọ́ra, bá ń kan dísíìkì, irin róbótó tó ń bá táyà yí, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí o ń gbọ́ ìró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí láburú. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà ọ́ ní ọwọ́ méjèèjì kí ó tó yí, a ti bá a nìyẹn.

Wáyà háńbíréèkì ni mo fura sí jù. Wo ẹ̀yìn kálípà, wàá rí apá irin kékeré kan tí wáyà so mọ́. Bí o bá ti tú háńbíréèkì, ó yẹ kí apá yẹn padà títí yóò fi kan ibi ìdúró rẹ̀. Bí kò bá kàn án, yọ wáyà náà kúrò lára rẹ̀. Bí táyà bá tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wáyà ti le jù tàbí kí ó ti dípẹtà nínú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí apá náà kò bá padà pẹ̀lú pé wáyà ti kúrò, kálípà fúnra rẹ̀ ló ti há. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé, bí háńbíréèkì bá ti ń gòkè jù, wáyà ni wọ́n máa sáré fún, nígbà tí ó jẹ́ pé páàdì ló ti jẹ tán. Wáyà tí wọ́n fún jù á wá gbé apá náà kúrò ní ibi ìdúró rẹ̀, kálípà kò sì ní lè tún ara rẹ̀ ṣe bó ṣe yẹ mọ́.

Bí wáyà kò bá jẹ̀bi, ní kí ẹnìkan tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí táyà bá le láti yí, fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára kálípà, tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì, díẹ̀. Bí òróró bá tú jáde fìì, tí táyà sì tú, a jẹ́ pé òróró náà kò rí ọ̀nà padà. Páìpù rọ́bà tí ó gbé òróró wá sí kálípà ni kí o kọ́kọ́ dá lẹ́bi, nítorí pé inú rẹ̀ lè wú kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì máa dán: ẹsẹ̀ rẹ lágbára láti ti òróró kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ láti dá a padà. Bí táyà iwájú náà bá ń le, wo másítà, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ bíréèkì ti ń ti òróró jáde, bóyá irin tí ẹsẹ̀ bíréèkì fi ń tì í kò ní àyè láti padà tán. Lẹ́yìn náà, yọ afẹ́fẹ́ kúrò títí ẹsẹ̀ bíréèkì yóò fi le, kí o sì fi omi fọ ibi tí òróró bá kán sí, torí ó máa ń jẹ ọ̀dà.

Bí o bá tú nọ́ọ̀tì tí táyà ṣì le, ìpẹtà ni. Àwọn irin tí kálípà ń yọ̀ lórí wọn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán lọ kí wọ́n sì bọ̀; gíríìsì sílíkónì ni kí o fi sí wọn, gíríìsì lásán máa ń wú rọ́bà. Páàdì náà lè há sí ààyè rẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ eruku rẹ̀, má fẹ́ ẹ, kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ní ti písítìnì, irin inú kálípà tó ń ti páàdì, irú kálípà ẹ̀yìn tìrẹ yìí, yíyí ni wọ́n sábà máa ń yí i wọlé bí a ti ń tì í. Bí o bá fi kíláǹpù fún un, ohun tó wà nínú rẹ̀ á fọ́. Bí ó bá yí wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ìdí láti ra òmíràn.

Kọ̀wé padà kí o sọ èwo ló gbóná jù, bóyá apá kékeré yẹn kan ibi ìdúró rẹ̀, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí o tú nọ́ọ̀tì.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́