Lẹ́tà sí àbúrò mi n'Ìbàdàn: káàdì yẹn ò bàjẹ́

Houston, Texas

Àkànní, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo kí Màámi, mo kí gbogbo ilé. Mo ti wo fídíò àti fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ dáadáa. Jọ̀ọ́, má ta graphics card yẹn, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, fún ẹnikẹ́ni. Kò bàjẹ́. Iná tó ń jẹ ni ò tó o, wáyà tí wọ́n sì fi ń bu iná fún un léwu. Pa kọ̀ǹpútà náà, yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, kó o tó ka ìyókù.

O ní ó ń tàn, ó ń ṣí Windows, o sì ń fi wo fíìmù láìsí wàhálà. Àfi tó o bá ní kó gbé fídíò ìgbéyàwó jáde ló máa ń kú lójijì, bí ìgbà tí NEPA mú iná lọ. Ká ní dráífà, ìyẹn software tó ń darí káàdì, ló ń dà á láàmú ni, ojú mọ́nítọ̀ ni ì bá ṣókùnkùn, fáànù á ṣì máa yí, àwòrán lè padà wá láìpẹ́, wàá sì rí nọ́ńbà 4101 nínú Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí. Ká ní mẹ́mórì orí káàdì ló ti bàjẹ́ ni, ìlà wẹ́rẹwẹ̀rẹ àti àpótí kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wàá máa rí lójú mọ́nítọ̀. Tìrẹ kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Kernel-Power 41 tó o rí níbẹ̀ yẹn kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé ẹnì kan pa á. Kò sọ ohun tó pa á.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Watt 240 ni wọ́n kọ sára power pack àtijọ́ yẹn, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. RTX 3060, káàdì rẹ yẹn, nìkan lè jẹ watt 170. Ti processor rẹ, i5-7500, jẹ́ 65. Motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́), RAM, háàdì dísìkì àti fáànù, ka 50 fún wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 285. Káàdì kì í sì í jẹ iná lọ́gbọọgba: ní ìṣẹ́jú akàn, ó lè fò kọjá 170 fíìfíì kó tó rọlẹ̀. Power pack tó bá rí i pé ẹrù ti ju agbára òun lọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nvidia fúnra wọn sọ pé power pack watt 550 ni kéèyàn lò fún káàdì yìí.

Wáyà tí tẹkinísàn yẹn fi so ó ló bà mí lẹ́rù jù. Power pack àtijọ́ ò ní wáyà oníhò mẹ́jọ fún káàdì, ni wọ́n bá fi àdápítọ̀ gba iná láti ẹnu SATA, tí wọ́n ṣe fún háàdì dísìkì. Ẹnu SATA kan ò gbọ́dọ̀ gbé ju amp 4.5 lọ lórí volt 12. Watt 54 nìyẹn. Ẹnu oníhò mẹ́jọ ti káàdì lè gba tó 150. Kódà bí wọ́n so SATA méjì pọ̀, 108 náà ni, orí wáyà kan ṣoṣo ni méjèèjì sì sábà máa ń wà. Fa fọ́tò kẹta tó o fi ránṣẹ́ kó tóbi, kó o wo ẹnu dúdú náà: etí rẹ̀ kan ti rọ̀ bí àbẹ́là tí oòrùn pa, irin méjì nínú rẹ̀ sì ti pọ́n. Òórùn ike tó o ní ò ń gbọ́, ibẹ̀ ló ti ń wá. Gé àdápítọ̀ yẹn sí méjì, kó o jù ú nù, kí ẹlòmíì má baà tún lò ó.

Mo ti fi power pack watt 650 ránṣẹ́. 100–240V ló wà lára rẹ̀, torí náà kò nílò transformer. Má lo wáyà Amẹ́ríkà tó bá a wá. Volt 125 ni wọ́n ṣe é fún. Wáyà àtijọ́ tó ń lọ sí ògiri máa wọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́gí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta power pack tòkunbọ̀ fún ọ lọ́jọ́ iwájú, wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó o tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní súwíìṣì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Èyí tó ti Amẹ́ríkà dé lè wà lórí 115. Bó bá gba iná Nàìjíríà bẹ́ẹ̀, á bú gbàmù lójú ẹsẹ̀. Orí 230 ni kó wà.

Kó o tó tú ohunkóhun, wọn ti àtijọ́, kó o lè mọ̀ bóyá àyè rẹ̀ á gba tuntun. Ti tuntun fẹ̀ ní mílímítà 150, ó ga ní 86. Yọ wáyà lára ògiri, kó o tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù lè tán. Má ṣí inú power pack fúnra rẹ̀ láé, ì báà jẹ́ àtijọ́ tàbí tuntun. Kapásítọ̀ inú rẹ̀, tó ń tọ́jú iná pamọ́, ṣì lè gbá èèyàn.

Motherboard rẹ ń lo ihò mẹ́jọ níbi tí àwọn yòókù ti ń lo 24, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi àdápítọ̀ 24 sí 8 sínú páálí kan náà. Ibi tó yẹ kó o ti farabalẹ̀ rèé: wáyà tí wọ́n kọ CPU sí àti èyí tí wọ́n kọ PCIe sí jọra púpọ̀, ihò mẹ́jọ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ibi tí volt 12 ń gbà lára ìkan, earth ló wà níbẹ̀ lára èkejì. CPU lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ processor, PCIe lọ sára káàdì. Èyí tí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, má fi tipá tì í. Má sì mú wáyà power pack mìíràn wá lò sí èyí, kódà bí ẹnu rẹ̀ bá wọ̀ ọ́. Kálukú ló ń to iná tirẹ̀, háàdì dísìkì tí iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà ló sì máa kọ́kọ́ jóná. Ti káàdì wọ inú ihò rẹ̀ títí wàá fi gbọ́ “kẹ́”.

Ara káàdì ni kó o so mọ́nítọ̀ mọ́, kì í ṣe ẹnu HDMI tó wà lókè lára motherboard. Èyí nìkan ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé káàdì tuntun wọn ti kú.

Bó bá tàn, wọ Safe Mode (Windows tó ń tàn pẹ̀lú ohun díẹ̀ péré), fi DDU, software tó ń nu dráífà, nu dráífà àtijọ́ kúrò, kó o wá fi Studio Driver láti ọ̀dọ̀ Nvidia sí i. Lẹ́yìn náà fi software MSI Afterburner fa power limit, ààlà iná tí káàdì lè jẹ, sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bíi watt 119, kó o gbé fídíò gígùn kan jáde. Bó bá parí iṣẹ́ náà, dá a padà sí 100, kó o tún un ṣe. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lórí 70 tó sì ń kú lórí 100, ọ̀rọ̀ iná ni síbẹ̀: fi multimeter, ẹ̀rọ tó ń wọn iná, wọn wáyà volt 12 nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Àárín 11.4 sí 12.6 ló yẹ kó wà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé yẹn, má fi gbé fídíò jáde mọ́. Bí fìríìjì Màámi bá ti gbéra, iná rẹ̀ á lọ sílẹ̀. UPS 650VA rẹ náà ò tó: ọ̀pọ̀ wọn ò gbé ju watt 360 sí 390 lọ, kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ á sì sún mọ́ ọn gan-an. 1200VA ni kó o máa wá.

Tó o bá ti so gbogbo wáyà tán, má tíì tàn án. Ya fọ́tò ẹnu CPU àti ti káàdì nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá dá ọ lóhùn kó o tó sùn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ