Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun àti imú mi

Kubwa, Àbújá.
Oṣù Kìíní.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì dúpẹ́ fún àwọn ohùn tí o ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà tí o mọ̀ pé n kò lè sọ̀rọ̀. Òní ló pé ọjọ́ 16 tí wọ́n yọ tọ́ńsù mi méjèèjì, ìyẹn ẹran kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n sì tún egungun àárín imú mi tó wọ́ ṣe lọ́jọ́ kan náà. Níwọ̀n bí wọn yóò ti ṣe irú rẹ̀ fún ọ ní Kánádà lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Ìrora náà máa ń rọlẹ̀, á sì tún padà wá. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, mo ti ń mu ògì tútù, mo sì ń dúpẹ́ pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ karùn-ún títí di ìkẹjọ, bí mo bá ti gbé itọ́ mì báyìí, ńṣe ni ó ń ta mí wọnú etí méjèèjì, títí dókítà fi ṣàlàyé pé iṣan ìmọ̀lára kan ló so ọ̀fun pọ̀ mọ́ etí. Ohun funfun tí wàá rí lójú egbò náà kì í ṣe ọyún, èépá rẹ̀ ni. Ìgbà tí èépá yìí bá ń ṣí, láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, ni ẹ̀jẹ̀ lè tú. Bí o bá tutọ́ tí o rí ẹ̀jẹ̀ pupa, má ṣe sùn lé e lórí, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Má sì lo aspirin láìjẹ́ pé dókítà rẹ fọwọ́ sí i.

Àárín ọyẹ́ ni tèmi bọ́ sí. Nígbà tí imú dí, ẹnu ni mo fi ń mí lóru, ọ̀fun á sì gbẹ bí awọ. Ọkọ mi ń fi aṣọ tútù kọ́ sí yàrá, ó sì ń jí mi léraléra kí n lè mu omi díẹ̀díẹ̀. Mo sunkún lórí omi yẹn, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ló gbà mí. Ìyá Hausa tó múlé tì wá ń gbé fúrà wá lójoojúmọ́. Bèlúbèlú, ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀fun, ni ó rò pé wọ́n gé, irú èyí tí wánzámì, onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Hausa, ń gé fún ọmọ ọwọ́, àánú mi sì ṣe é gidigidi.

Ní ti imú, mo ń fi omi iyọ̀ tí a ti sè, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, fọ̀ ọ́. N kò gbọdọ̀ fun ún, bí mo bá sì fẹ́ sín, màá la ẹnu. Lọ́jọ́ keje ni wọ́n yọ ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gbé e ró. Ní òru ọjọ́ kejìlá, ọkọ mi ta jí nítorí pé kò gbọ́ kí n hanrun, ó sì gbé ọwọ́ sí ihò imú mi láti mọ̀ bóyá mo ń mí.

Jọ̀wọ́, kọ̀wé sọ ọjọ́ náà fún mi, kí o sì sọ ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ rẹ ní òru ọjọ́ karùn-ún títí di ìkẹwàá.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́